Ọ̀rọ̀ Inú Àwòṣe Ojú Òpó Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ sí Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, odidi ìwé ló wà níwájú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ó sì láṣẹ láti pa gbólóhùn dà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí èdè tó ń tú u sí bá ṣe fẹ́. Ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ inú ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àjákù ọ̀rọ̀ ni yóò bá níwájú rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe kan láìsí àbọ̀, ọ̀rọ̀-atọ́kùn kan láìsí ohun tó tẹ̀ lé e, ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ní kí ó tú wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wá to àwọn ìtumọ̀ náà pọ̀, tí gbólóhùn tó jáde kò sì gún, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Wọn á ní èdè náà gùn jù, wọn á ní kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó, wọn á ní kò bá ẹ̀rọ mu.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pèsè ọ̀rọ̀ inú àwòṣe ojú òpó kí ó lè ṣeé tú sí èdè mìíràn, kí ó sì fi gírámà Yorùbá wo ibi tí ọ̀nà náà ti dára àti ibi tó ti ń yẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn òkè yìí kò tọ́ sí èdè Yorùbá rárá. Ẹni tó gé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́ kí ó tó gbé e fún ògbufọ̀ ló ni ẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà sì kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá nígbà tí ilé-ìwé tàbí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ kí ojú òpó àwọn sọ Yorùbá. Bí kò bá mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè, yóò tú àjákù náà bí wọ́n ṣe gbé e fún un, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì wà lára àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí àwòṣe jẹ́

Àwòṣe ojú òpó dà bí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ilé-ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba fọ́ọ̀mù kan náà; ohun tí kálukú kọ sí àlàfo rẹ̀ ló yàtọ̀. Lórí ojú òpó, àpilẹ̀kọ, ìròyìn àti àwòrán ni ohun tí wọ́n kọ sí àlàfo. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká, bíi ‘Ojú-ewé Àkọ́kọ́’, ‘Ṣàwárí’, ‘Fi ránṣẹ́’, orúkọ oṣù, ìkìlọ̀ pé ohun tí ènìyàn wá kò sí, ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ inú àwòṣe. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n ojú wọn ni àlejò ń kọ́kọ́ rí. Àpilẹ̀kọ Yorùbá tó dára lè wà láàárín, kí gbogbo etí rẹ̀ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí yóò lò jù ni WordPress, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tó sì jẹ́ pé òun ló gbé ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojú òpó àgbáyé ró lónìí. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò le. Bí wọ́n bá tú àwòṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé-ìwé, ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ tó bá ń lo àwòṣe náà ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ètò

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín ètò kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ tú u ní láti ṣí ètò náà, kí ó máa fi ọwọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣèèṣì pa àmì kan rẹ́, ojú òpó náà kú. Bí kò bá tilẹ̀ pa á rẹ́, ní ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá dé, gbogbo làálàá rẹ̀ di asán, nítorí pé ẹ̀dà tuntun yóò bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ń jẹ́ gettext. Ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè, àwọn oníṣẹ́ GNU sì gbé ẹ̀dà tiwọn jáde ní 1995. Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó ń kọ ètò náà yóò fi àmì kan dì gbogbo gbólóhùn tí ènìyàn yóò fojú rí. Nínú WordPress, àmì náà ni ìlà méjì tí wọ́n fà sísàlẹ̀ tí wọ́n sì fi àkámọ́ tẹ̀ lé, __( ), tàbí _e( ) bí ó bá jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kan yóò wá gba inú ètò náà kọjá, yóò ṣa gbogbo gbólóhùn tí wọ́n dì, yóò sì kó wọn sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pot. Èyí ni òfìfo ìwé iṣẹ́ ògbufọ̀. Ògbufọ̀ Yorùbá yóò ṣe àdàkọ rẹ̀, yóò sì sọ tirẹ̀ ní yo.po, nítorí pé ‘yo’ ni àmì tí ìlànà ISO 639 fún èdè Yorùbá. Nínú rẹ̀, ìlà méjìméjì ló máa ń wà:

msgid "Search"
msgstr "Ṣàwárí"

Ìlà àkọ́kọ́ ni orísun, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìlà kejì ni tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò sọ fáìlì náà di .mo tí kọ̀ǹpútà lè kà kíákíá. Láti ẹ̀dà 6.5 tó jáde ní 2024, WordPress tún ní irú fáìlì mìíràn tó yá ju ti .mo lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ kò yí padà.

Ohun méjì yẹ ní mímọ̀ níhìn-ín. Àkọ́kọ́, níbi tí kò bá sí ìtumọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ orísun ni yóò jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ojú òpó kan fi dà bí aṣọ alábùlẹ̀, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀: ògbufọ̀ kò parí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó kọ ètò gbàgbé láti di gbólóhùn kan. Ìkejì, bí wọ́n bá yí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan padà díẹ̀, ẹ̀rọ lè gbé ìtumọ̀ àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ‘fuzzy’ sí i lórí, ìyẹn ni pé kò dá ara rẹ̀ lójú. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í hàn lórí ojú òpó títí ènìyàn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ló ti bínú pé kọ̀ǹpútà jẹ iṣẹ́ àwọn mọ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé àmì yìí ni wọn kò yọ.

Gbólóhùn tí wọ́n gé

Ibi tí gírámà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí àbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kọ ètò lè ronú pé kò sí ohun tó burú nínú kí òun di ‘View’ lọ́tọ̀, kí òun di ‘page’ lọ́tọ̀, kí òun sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Wo ohun tí Yorùbá ń ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń yí ohùn rẹ̀ sí àárín bí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: ‘wò’ di ‘wo àwòrán’, ‘kà’ di ‘ka ìwé’, ‘rà’ di ‘ra bàtà’. Ògbufọ̀ tó rí ‘View’ nìkan yóò kọ ‘Wò’, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá so ó mọ́ ‘ojú-ewé’, ohun tí yóò hàn ni ‘Wò ojú-ewé’, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pàápàá yóò gé ní máàkì.

Bí àbọ̀ bá sì jẹ́ arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ, wàhálà náà tún légbá kan sí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ‘it’ kan ṣoṣo ló wà. Ní Yorùbá, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni arọ́pò-orúkọ náà ń yá lò, ohùn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà: ‘ṣí i’, ‘gbé e’, ‘kọ ọ́’, ‘pa á’, ‘wò ó’, ‘kà á’. Kò sí ìtumọ̀ kan tí ènìyàn lè kọ sí iwájú ‘it’ tí yóò bá gbogbo wọn mu. Ẹni tó bá bínú tó sì kọ ‘rẹ̀’ tàbí ‘náà’ síbẹ̀ ti bá iṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n kí ni ì bá ṣe?

Èyí tó tún le jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Ó jọni lójú bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwòṣe nílò jù ṣe jẹ́ ẹlẹ́là: ‘tún … ṣe’, ‘pa … rẹ́’, ‘fi … pamọ́’, ‘yí … padà’, ‘fi … ránṣẹ́’. Àárín wọn ni àbọ̀ ń wọ̀. Bí wọ́n bá di ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́tọ̀ tí wọ́n sì lẹ àbọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ‘Tún ojú-ewé ṣe’ yóò di ‘Tún ṣe ojú-ewé’, tí ìtumọ̀ rẹ̀ fún Yorùbá jẹ́ pé kí ènìyàn lọ ṣe ojú-ewé mìíràn. ‘Pa èsì rẹ́’ yóò di ‘Pa rẹ́ èsì’, tí kò ní ìtumọ̀ kankan.

Àpólà-orúkọ náà kò gbẹ́yìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ni nǹkan ló ń ṣáájú: orúkọ Adé yóò wá, àmì ìní yóò tẹ̀ lé e, àwòrán yóò kẹ́yìn. Ní Yorùbá, orí àpólà ló ń ṣáájú, ẹ̀yán ló ń tẹ̀ lé e: ‘Àwòrán Adé’. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ètò pé orúkọ ènìyàn ni kí ó kọ́kọ́ jáde, ‘Adé àwòrán’ ni yóò máa jáde títí láé, ògbufọ̀ kò sì ní ọwọ́ kankan nínú rẹ̀.

Àtúnṣe gbogbo èyí kò sí lọ́dọ̀ èdè. Ọwọ́ ẹni tó kọ ètò ló wà: kí ó di odidi gbólóhùn. Níbi tí ohun kan yóò ti máa yí padà, kí ó fi àmì arọ́pò síbẹ̀, bíi %s, tí kọ̀ǹpútà yóò fi orúkọ tàbí nọ́ńbà rọ́pò. Bí orísun bá jẹ́ ‘Delete %s’, ògbufọ̀ yóò kọ ‘Pa %s rẹ́’, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là náà yóò sì rí ààyè là sí méjì. ‘View %s’ yóò di ‘Wo %s’, nítorí pé ògbufọ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí àmì arọ́pò bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, kí ògbufọ̀ lè yí ipò wọn padà. ‘Posted by %1$s on %2$s’ lè di ‘%1$s ló kọ èyí ní %2$s’, ó sì lè di ‘Ní %2$s ni %1$s kọ èyí’ bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ pe àkíyèsí sí. Àwọn méjèèjì gún régé, nítorí pé wọ́n lo ‘ni’ tí Yorùbá fi ń gbé àkíyèsí alátẹnumọ́ jáde, wọn kò sì wá ohun tí yóò dúró fún ‘by’ kiri.

Nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ògbufọ̀ kọ ‘ní’ ní kíkún. Lẹ́nu, ‘ní Èkó’ ń di ‘l’Ékòó’, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò mọ̀ bóyá Èkó ni yóò bọ́ sí àyè àmì náà ni tàbí Ìbàdàn tàbí Kúmásì. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìpàrójẹ.

Àwọn tó ṣe WordPress mọ ẹ̀kọ́ yìí ní apá kan. Nígbà tí ẹnìkan bá dá irú àkóónú tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ‘ìwé’ tàbí ‘olùkọ́’, ètò náà ń fún un láyè láti kọ àkọlé kọ̀ọ̀kan ní odidi: ti fífi tuntun kún un lọ́tọ̀, ti títún un ṣe lọ́tọ̀, ti wíwò ó lọ́tọ̀. Ó dà bí àsọtúnsọ lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lójú Yorùbá, àìgbọdọ̀máṣe ni.

Iye

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì láti kọ ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá ní iye: ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Lárúbáwá ní mẹ́fà nínú ìlànà gettext. Rọ́ṣíà ní mẹ́ta, níbi tí 21 ti ń tẹ̀ lé 1, tí 22 sì ń tẹ̀ lé 2. Nínú àkójọ ìlànà èdè tí Unicode ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní CLDR, Yorùbá wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Ìgbò, Ṣáínà, Jàpáànù àti Fìẹ́tínáàmù: ọ̀nà kan ṣoṣo. ‘Ìwé kan’, ‘ìwé méjì’, ‘ìwé igba’. Ọ̀rọ̀-orúkọ kò yẹsẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó wà lórí fáìlì Yorùbá ni nplurals=1; plural=0. Bí ẹni tó dá fáìlì sílẹ̀ bá fi ti Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, ògbufọ̀ yóò rí àyè méjì, yóò sì rò pé òun gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Ibẹ̀ ni ‘àwọn’ ti ń yọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ pé ‘àwọn’ ni àmì ọ̀pọ̀ yóò kọ ‘Èsì 1’ sí àyè kìíní, yóò sì kọ ‘Àwọn èsì 5’ sí èkejì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti fi ọ̀pọ̀ hàn tẹ́lẹ̀. ‘Àwọn èsì márùn-ún’ ń tọ́ka sí márùn-ún kan pàtó tí ẹni tó ń gbọ́ ọ ti mọ̀. ‘Èsì márùn-ún’ ló kàn ń ka iye. Ohun tí ojú òpó fẹ́ sọ ni èkejì. Ó yẹ kí olùkọ́ gírámà lo àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì, nítorí pé ó fi hàn kedere pé ‘àwọn’ kì í ṣe ‘s’ inú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ aṣọ Yorùbá fún.

Oṣù, ọjọ́ àti lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè ní iṣẹ́ méjì. ‘Post’ lè jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘May’ ni orúkọ oṣù karùn-ún ní kíkún, òun náà sì ni ìgékúrú rẹ̀. Ní Yorùbá, ‘Oṣù Ẹ̀bibi’ ni ti kíkún, ‘Ẹ̀bibi’ ni ti ìgékúrú. Nítorí pé ọ̀rọ̀ orísun kan náà ni gettext ń fi mọ ìtumọ̀, yóò pa méjèèjì pọ̀ àfi bí wọ́n bá fi àlàyé àyíká kún un. WordPress ní àmì fún èyí, _x( ), tí wọ́n fi ń sọ fún ògbufọ̀ èwo ni èwo. Wọ́n lò ó fún lẹ́tà àkọ́kọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ inú kàlẹ́ńdà, nítorí pé ‘T’ méjì àti ‘S’ méjì ló wà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Yorùbá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìkú, Ajé àti Àbámẹ́ta, A ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, Ọ. Ẹyọ lẹ́tà kan kò lè ṣiṣẹ́ fún kàlẹ́ńdà Yorùbá. Nítorí pé WordPress jẹ́ kí wọ́n tú ìgékúrú náà fúnra rẹ̀, ògbufọ̀ lè kọ ‘Àìk’, ‘Ajé’, ‘Àbá’, ‘Rú’, ‘Bọ̀’. Ṣùgbọ́n àwọn àwòṣe mìíràn wà tí kò béèrè. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ní kí ó gé lẹ́tà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ètò náà bá sì ń ka báìtì dípò lẹ́tà, ó di ọ̀ràn. Nínú ìlànà UTF-8, báìtì kan ni A, ṣùgbọ́n báìtì mẹ́ta ni Ọ. Bí wọ́n bá gé báìtì kan lára Ọjọ́bọ̀, ohun tí yóò kù kì í ṣe Ọ, kì í sì í ṣe O. Àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè ni yóò hàn.

Ìṣòro àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò tán síbẹ̀. Unicode ní ẹyọ àmì kan fún ẹ, ó ní ẹyọ kan fún é, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ́. Àmì méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó fi ohùn òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú rí wọn bákan náà. Kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ láti so wọ́n pọ̀ rí ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ‘ẹ̀kọ́’ lórí ojú òpó ilé-ìwé rẹ̀ yóò sì gbọ́ pé kò sí. Ó yẹ kí gbogbo ìtumọ̀ inú fáìlì kan wà ní ìlànà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, níbi tí ẹ abẹ́-àmì ti ń ṣáájú kí ohùn tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń yẹra fún wàhálà náà nípa fífi àmì ohùn sílẹ̀ pátápátá. Ojú òpó tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ‘ìgbà’, ‘igba’ àti ‘igbá’ ò tíì sọ Yorùbá.

Ìkọsílẹ̀ náà kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Nàìjíríà, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló wà lóde. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ɛ, ɔ àti sh ni wọ́n ń lò níbi tí Nàìjíríà ti ń lo ẹ, ọ àti ṣ. CLDR mọ èyí, ó sì ya ‘yo-BJ’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘yo’. ‘Shɛ́rɛ́’ ni oṣù kìíní ń jẹ́ níbẹ̀. Àwòṣe tó bá fẹ́ sin Kétu àti Pọtonóvò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sin Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fáìlì méjì ṣeé ṣe.

Ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀?

Nígbà tí ènìyàn bá wọ ibi iṣẹ́ WordPress, ‘Howdy’ àti orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìkíni àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, Matt Mullenweg, ọmọ Houston ní Texas ni. Báwo ni Yorùbá yóò ṣe kí ẹni tí kò rí? Ìkíni Yorùbá ń béèrè àkókò, ohun tí ẹni náà ń ṣe, àti ọjọ́ orí rẹ̀. ‘Ẹ káàárọ̀’ yóò di irọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. ‘Báwo ni’ ń fi ojú ẹgbẹ́ wo ọ̀gá ilé-ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí àwòṣe mọ̀ dájú ni pé ẹni náà wá ṣiṣẹ́. ‘Ẹ kú iṣẹ́, %s’ tọ̀nà ní òru, ó tọ̀nà ní ọ̀sán, ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà láìṣe ọmọdé ní ibi. Irú ìtumọ̀ báyìí kò lè wá láti inú ìwé atúmọ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ‘kú’ ń ṣe nínú ìkíni ló lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí kọjá ìkíni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn àṣẹ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí bọ́tìnnì bá wí pé kí wọ́n fi nǹkan pamọ́, aṣàmúlò ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lókè àpótí bá wí pé kí ènìyàn kọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá aṣàmúlò sọ̀rọ̀. Yorùbá kò lè fi ohùn kan náà sọ méjèèjì. Kò sí ẹni tó ń fi ‘ẹ’ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ; ‘Fi pamọ́’ tó fún bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá àgbà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì pé ‘Kọ orúkọ rẹ síbí’. ‘Ẹ kọ orúkọ yín síbí’ ló yẹ. Ẹni tó bá fi ‘ẹ’ sí gbogbo rẹ̀ ti ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí kò bá fi sí ìkankan ti ṣe àfojúdi. Ìbéèrè tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ lórí gbólóhùn àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni èyí: ta ló ń sọ ọ́?

Bí ojú òpó bá jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, níbi tí ‘ẹ’ yóò ti dà bí ìgbà tí olùkọ́ ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́? Àwọn ará Jámánì àti àwọn Dọ́ọ̀ṣì ti ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé èdè wọn náà ya ìwọ ẹgbẹ́ àti ìwọ ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nínú WordPress ni pé wọ́n pèsè fáìlì méjì fún èdè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lásán, ọ̀kan tó ní ‘formal’ lára orúkọ rẹ̀. Kò sí ìdí tí Yorùbá kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èdè-ìperí

Lórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àníyàn kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Iṣẹ́ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ní 1990, kò ṣe ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà hàn: kí ìperí kan dúró fún èrò kan, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ jálẹ̀. Bí ‘èsì’ bá jẹ́ ohun tí olùkàwé kọ sí abẹ́ àpilẹ̀kọ, kò gbọdọ̀ di ‘ìdáhùn’ ní ojú-ewé kejì, kí ó di ‘ọ̀rọ̀ ìwòye’ ní ìkẹta. Ìtumọ̀ olówuuru ló léwu jù. ‘Home’ kì í ṣe ilé, ojú-ewé àkọ́kọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Wikipedia Yorùbá ti ń pè é. ‘Save’ kì í ṣe gbígbà là. Kò sí fáìlì tó dẹ́ṣẹ̀.

Àyẹ̀wò

Fáìlì .po jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ètò bíi Poedit, tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà, ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Ogún gbólóhùn láti inú àwòṣe kan tó fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nínú kọ́ọ̀sì ìtúmọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú u ní ẹgbẹ́ mẹ́tamẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kan máa yẹ ti èkejì wò, kí wọ́n sì kọ ẹjọ́ gbólóhùn tí kò ṣeé tú sí ìwé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìdí tó jẹ́ ti gírámà. Ìwé ẹjọ́ yìí ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ àwòṣe náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ń tún un ṣe, nítorí pé kò sí ẹni tó ti sọ fún un rí pé èdè kan wà tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ń là sí méjì.

Kí ìtúmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àyẹ̀wò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní wákàtí kan. Kí ó kọ ‘Ẹ̀ẹ́Ọ̀ọ́Ṣ’ sí abẹ́ gbogbo gbólóhùn inú fáìlì náà, láìtú ìkankan, kí ó jẹ́ kí àwọn àmì arọ́pò wà láàárín wọn, kí ó sì ṣí ojú òpó náà. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣì hàn, wọn kò dì í. Ibi tí ‘Ẹ̀ẹ́Ọ̀ọ́Ṣ’ méjì bá ti sùn ti ara wọn láìsí ohun kan láàárín, gbólóhùn tí wọ́n gé ni. Ibi tí àmì ohùn bá ti fi orí gbá ìlà òkè tàbí tí àmì abẹ́ ti rì sínú etí bọ́tìnnì, àyè ìlà ti kéré jù. Ibi tí àpótí òfìfo bá sì ti hàn, lẹ́tà tí wọ́n yàn fún ojú òpó náà kò mọ Yorùbá, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀.